Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ẹ má pè mí ní Ìṣẹ́jú Mẹ́ta mọ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ará ibiṣẹ́ wa kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí. Ẹni tó bá tún fi orúkọ yẹn pè mí, ohun tí mo bá fi dá a lóhùn, kó má bínú.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi lórúkọ ọ̀hún, oríkì ni mo kà á sí. Iléeṣẹ́ wa ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó wà nínú pọ́ǹpù oògùn, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, tó ń fi oògùn sínú iṣan aláìsàn díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ló ń kọ ètò náà; iṣẹ́ tèmi ni kí n dán ohun tí wọ́n kọ wò. Mo kọ ìdánwò ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Kò sí èyí tó ju ìlà mẹ́wàá lọ nínú wọn, ìbéèrè kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń bi ètò. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ òdo, ṣé o máa kọ̀? Bí oògùn bá tán, ṣé o máa pariwo? Bí wọ́n bá pa ọ́ tí wọ́n tún tàn ọ́, ṣé o máa rántí wọ́ọ̀dù tí o wà? Tó bá dáhùn dáadáa, àwọ̀ ewé á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Tó bá ṣì í, pupa.

Níbẹ̀rẹ̀, ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní yàrá yìí, pírósẹ́ẹ̀sì ni àwa oníkọ̀ǹpútà ń pè é. Kọ̀ǹpútà á ṣí àyè tuntun tó mọ́ fóó, ìdánwò á wọlé síbẹ̀, á ṣe tirẹ̀, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà á wó àyè náà dànù pẹ̀lú gbogbo ohun tí ìdánwò bá gbàgbé síbẹ̀. Èyí tó kàn ò ní mọ̀ pé ẹnì kankan ti ṣáájú òun. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lọ́ra. Ká ṣí yàrá, ká wó o, nígbà ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá: ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta gbáko ni.

Ọ̀gá wa ò lè fara dà á. (“Ó” ni mo máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ tí mò ń pè é ní “wọ́n” ti lọ.) Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá yí ìlà kan padà nínú ètò, a gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ìdánwò, gbogbo ilé á sì dúró. Lọ́jọ́ kan ó wá dúró sí ẹ̀yìn àga mi, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ bíi ṣaworo.

“Ìwọ obìnrin yìí, ṣé àwọn ìdánwò rẹ ń sùn ni?”

“Wọn ò sùn, sà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàrá tiẹ̀ ni.”

“Kí ni wọ́n ń fi yàrá ṣe, wọ́n fẹ́ bímọ? Kó gbogbo wọn sínú yàrá kan jàre.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Mo sì mọ ohun tó burú níbẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé tí ọ̀ọ́dúnrún bá gba yàrá kan kọjá, ohun tí àkọ́kọ́ bá gbé kalẹ̀ ni ìkejì máa bá níbẹ̀, ó sì lè fi ẹrù ẹlẹ́rù yege. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn mi ò le. Ọ̀gá ní kí n má fi ìwé dí òun lójú. Mo padà sí ìdí ìwé àṣẹ mi, ìyẹn ojú ewé tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ṣe èyí, ṣe ìyẹn. Mo yí ìlà mẹ́ta padà, gbogbo ìdánwò sì wọ yàrá kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi parí. Gbogbo rẹ̀ yọ àwọ̀ ewé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, láti ọjọ́ náà ni mo ti di Ìṣẹ́jú Mẹ́ta.

Ọdún kan àtààbọ̀ kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀gá gbé lẹ́tà kan wá sórí tábìlì mi. Láti ọsibítù kan ni, wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ọmọ ọjọ́ mọ́kàndínlógún kan ti kú lọ́jọ́ Àìkú, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé. Pọ́ǹpù wa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oògùn tó sì wọ ara ọmọ náà fi ìlọ́po mẹ́wàá ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀ka méjì ni pọ́ǹpù wa ní, ẹ̀ka àgbà àti ẹ̀ka ọmọdé. Tó bá wà ní ẹ̀ka àgbà, tí nọ́ọ̀sì tẹ méjìlá, mílílítà méjìlá ló máa wọlé. Tó bá wà ní ẹ̀ka ọmọdé, tó tẹ méjìlá kan náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló máa wọlé. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń yan ẹ̀ka fún un, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án mọ́. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ yìí, wọ́n rí i pé ẹ̀ka àgbà ló wà nígbà tí ọmọ náà kú. Nọ́ọ̀sì ní òun ò fọwọ́ kàn án. Ìgbìmọ̀ ọsibítù wá ń bi wá: ṣé ẹ̀rọ yín lè kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn fúnra rẹ̀?

“Dá wọn lóhùn kíákíá,” ọ̀gá ní. “Àwọn nọ́ọ̀sì yìí, tí ọwọ́ wọn bá ti ṣì, ẹ̀rọ ni.”

Mo ṣe gbogbo ìdánwò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Kódà mo lọ wo ìdánwò kan ní pàtó, nọ́ńbà ogóje, èyí tí mo fọwọ́ ara mi sọ ní Kú-Kí-O-Jí. Òun ló ń pa ètò, tó tún ń tàn án, tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ṣì rántí ẹ̀ka rẹ̀. Àwọ̀ ewé. Mo kọ èsì pé: “Ẹ̀rọ wa kì í gbàgbé ẹ̀ka tó wà. A ti dán an wò.” Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí èèyàn fọwọ́ sí ńkọ́?

Láti ibiṣẹ́ mo yà sílé Màmá wa, bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ó jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀ láàárín ìdáná àti pálọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri, aṣọ iṣẹ́ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́.

Àbúrò mi yìí nìkan ni mo ní. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Jẹ́jẹ́ là ń pè é nílé láti kékeré, torí tó bá gba ẹ̀yìn yín kọjá ẹ ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo máa ń ti ilẹ̀kùn gbàgà, tí mo máa ń bá ẹni tó ń ta oúnjẹ jà, Màmá a ní kò yé òun bí inú kan náà ṣe gbé àwa méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ni Jẹ́jẹ́, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ kéékèèké. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Mo máa ń fi í yangàn níbiṣẹ́ pé àbúrò mi ń lo ẹ̀rọ wa.

“Ọmọ kan kú lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú,” Màmá sọ látinú ìdáná. Omi ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀rọ omi, wọn ò fọ nǹkan kan. “Ọjọ́ kejì rèé tó ti jókòó síbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kó má wá síbiṣẹ́ títí ìgbìmọ̀ máa fi jókòó lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀.”

Ọsibítù tiwọn ni lẹ́tà yẹn ti wá, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé òun ni nọ́ọ̀sì náà. Lẹ́tà tí mo fọwọ́ sí ò tíì pé wákàtí mẹ́ta. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Wọ́n ní èmi ni mo yí ẹ̀ka padà,” Jẹ́jẹ́ ní. “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fọwọ́ kàn án.”

“Wákàtí mélòó lo ti ṣe lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà?”

“Mẹ́rìnlá.”

“Ṣé o rí i. Ọwọ́ lè ṣì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo èèyàn.”

“Mi ò fọwọ́ kàn án.”

“Jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ yẹn kì í gbàgbé. Èmi ni mo dán an wò.”

Ó gbójú sókè wò mí. Mi ò lè gbàgbé ojú yẹn láyé. “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ dán an wò?”

“Èmi ni.”

 Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́. “Á jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é nìyẹn,” ó ní. “Á jẹ́ pé mo ṣe é, mi ò wá mọ̀ pé mo ṣe é.”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Dípò kí n sọ pé ká tún un wò, mo gbá a mọ́ra, mo ní kó má sunkún mọ́, àṣìṣe ni. Mo tún gbà á nímọ̀ràn. Mo ní kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kó lọ bá ìyá ọmọ náà, kó bẹ̀ ẹ́, kó sọ pé òun ni. Ìgbìmọ̀ á ṣàánú ẹni tó bá jẹ́wọ́. Màmá ní ìmọ̀ràn àgbà ni. Àgbà wà lọ́jà lóòótọ́, orí ọmọ tuntun wọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, aago kan ku díẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. Mo jáde sẹ́nu àtẹ̀gùn kí n lè gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, inú mi sì dùn. Ó ní òun ti lọ. Ó ní òun kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà fà òun dìde, ó fún òun lága. Ó ní òun ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, òun ò fi nǹkan kan pamọ́.

“Mo sọ fún un pé bátìrì ẹ̀rọ ti ń kú, mo yọ ọ́, mo fi tuntun sí i, mo tẹ méjìlá bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní ibẹ̀ ni yóò jẹ́ pé ọwọ́ mi ti kan ẹ̀ka. Ó di ọwọ́ mi mú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun dárí jì mí.”

“O yọ bátìrì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kó tó di pé mo tẹ nǹkan kan.”

“Ẹ̀rọ kú pátápátá?”

“Ojú ẹ̀ ṣú dúdú. Kí ló dé?”

Mo ní kò sí nǹkan. Mo fi fóònù sápò, mo di irin àtẹ̀gùn mú. Kú-Kí-O-Jí ló wá sí mi lọ́kàn. Inú yàrá kan náà ló ti ń pa ètò, inú yàrá kan náà ló ti ń tàn án. A kì í wó yàrá. Ìdánwò kan tó ti ṣáájú á ti kọ “ọmọdé” sára ògiri, ètò á sùn, á jí, á bá a lára ògiri níbẹ̀, á kà á jáde fún mi: mo rántí o! Àmọ́ tí èèyàn bá yọ bátìrì, yàrá ló wó yẹn, pẹ̀lú ògiri. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ètò náà pé tó bá kú ńkọ́, tí kò tíì kú lójú mi rí.

Mo padà sídìí tábìlì mi. Ìlà mẹ́ta tí mo yí nígbà náà, mo yí wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan, yàrá kọ̀ọ̀kan. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta kó má sọ fún mi pé òun mọ ohun tó ń jẹ́ ìdúró. Nọ́ńbà kan á yọ, á dúró, òmíràn á yọ. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ dé, ó ní kí n gbẹ́sẹ̀, mo gbẹ́sẹ̀, ó nu abẹ́ rẹ̀, ó lọ. Tíì tutù nínú kọ́ọ̀bù. Ẹnì kan kígbe láti tábìlì kejì pé, “Ìṣẹ́jú Mẹ́ta, kí ló dé tí ẹ̀rọ ń rákò lónìí? Àgbà ti dé ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ń gbàdúrà pé kó yọ àwọ̀ ewé. Kí Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí, ohun tí mo gbàdúrà fún nìyẹn, pé kó jẹ́ àbúrò mi ló ṣe é.

Nọ́ńbà ogóje yọ pupa. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Ohun tí mo retí, ọmọdé. Ohun tí mo rí, àgbà.

Mo ṣe òun nìkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pupa, pupa, pupa. Ìdánwò mẹ́jọ mìíràn náà pọ́n kí gbogbo rẹ̀ tó tán, àmọ́ mi ò rí tiwọn rò. Mo lọ wo ìtàn ètò náà, ibi tí kọ̀ǹpútà ń pa gbogbo ohun tí a bá yí padà mọ́. Oṣù méje sẹ́yìn ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ètò yọ ìlà kan, ìlà tó ń lọ ka ẹ̀ka láti ibi tí a kọ ọ́ pamọ́ sí nígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Ó rò pé àpọ̀jù ni. Ó yọ ọ́, ó ṣe ìdánwò mi, gbogbo rẹ̀ yọ àwọ̀ ewé, ó lọ jẹun. Kí ni mo fẹ́ bá a wí? Èmi ni mo sọ fún un pé kò séwu. Ká ní mo fi yàrá sílẹ̀ bó ṣe wà, ọjọ́ tó yọ ọ́ yẹn gan-an ni ogóje ì bá ti pọ́n. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀: mo dán iṣẹ́ gbogbo èèyàn wò, kò sẹ́ni tó dán tèmi wò.

Mo fọwọ́ kọ ọ́ sí bébà kan, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó kà á lórí ìdúró. Ojú rẹ̀ yí padà, kí n sọ òótọ́, kì í ṣe òkúta. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn.

“Má tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Dá ìlà náà padà, ká fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo ọsibítù lọ́la, kó tán síbẹ̀.”

“Nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?”

“Ṣebí ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ pè, wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́.”

“Àbúrò mi ni, sà.”

Ó jókòó. Ó wò mí, ó wo ìwé. “Pẹ̀lẹ́,” ó ní. Ó sì tún ní, “Àmọ́ ọmọ náà ti kú. Kò sẹ́ni tí ìwé yìí máa jí dìde.”

Ohun tí mo sọ fún un níbẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Àwọn ọmọ lè kà á. Àwọn tó wà níta gbọ́ ọ délẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ojú ewé mọ́kànlá, mo mú àpò mi, mo sì jáde. Mi ò tíì padà wọ ilé yẹn láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró níwájú ìgbìmọ̀ ọsibítù, èèyàn márùn-ún, tábìlì gígùn, ìgò omi tí kò sẹ́ni tó mu ún. Mo sọ pé lẹ́tà tí mo kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, irọ́ ni. Mo gbé pọ́ǹpù kan láti wọ́ọ̀dù wọn kalẹ̀, mo fi í sí ẹ̀ka ọmọdé níṣojú wọn, mo yọ bátìrì, mo dá a padà. Gbogbo wọn na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ. Àgbà. Dókítà kan nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Àmọ́ nígbà tí òtítọ́ máa fi bá tèmi, wọ́n ti sin ọmọ. Wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ náà kúrò ní wọ́ọ̀dù kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n sì kọ̀wé sí gbogbo ọsibítù tó ń lò ó. Wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kò ṣe nǹkan kan.

Mo sáré lọ sílé. Mo rò pé ó máa fò mọ́ mi. Kọ́rídọ̀ náà ló wà, ibi kan náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí yàrá ọ̀ọ́dúnrún títí dé orí bátìrì. Màmá bú sẹ́kún ayọ̀ nínú ìdáná. Jẹ́jẹ́ ò sunkún.

“Ẹ ṣeun,” ó ní. Lẹ́yìn náà, “Ta ló máa sọ fún ìyá ọmọ?”

“Ìgbìmọ̀ máa kọ lẹ́tà sí i.”

“Lẹ́tà.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin yẹn di ọwọ́ mi mú.  Ó ní òun wo ojú mi, òun mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọmọ òun. Irọ́ ni mo lọ pa fún un níbi tó ti ń ṣọ̀fọ̀, irọ́ tí ẹ fi rán mi. Mo sọ fún yín pé mi ò fọwọ́ kàn án. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.  

“Ẹ̀yin lẹ máa lọ,” ó ní. “Màá sìn yín débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa wọlé.”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá àárọ̀, a dé ilé náà, àjà kẹta. Jẹ́jẹ́ dúró sórí àtẹ̀gùn. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn ò kéré lọ́jọ́ orí, irun funfun ti yọ níwájú orí rẹ̀. Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì tó wá lọ́jọ́bọ̀. Ó ní kí n wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kan wà tí wọn ò tíì tò, inú páálí ló ṣì wà, wọ́n fi okùn dì í. Mo jókòó síbi tí mo ti lè má wò ó, mo sì ń wò ó.

Mo sọ ọ́ fún un. Mi ò pe pírósẹ́ẹ̀sì, mi ò pe nọ́ńbà ogóje. Mo ní ọ̀nà méjì ló wà láti dán ẹ̀rọ náà wò, ọ̀kan lọ́ra, ó ń rí àṣìṣe. Èkejì yá, kì í rí i. Mo ní èmi ni mo yan èyí tó yá. Mo ní àbúrò mi ò ṣe nǹkan kan, èmi ni mo ní kó wá sọ pé òun ni.

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ etí aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí orúnkún.

“Èyí tó lọ́ra yẹn, ìṣẹ́jú mélòó ni?”

“Méjìléláàádọ́ta.”

“Èyí tó yá?”

“Mẹ́ta.”

Ó mi orí. “Ẹ ò lè dúró fún ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta,” ó ní. “Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi fi dúró dè é.”

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo ohun tí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ máa ń sọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu mi. Kò fà mí dìde. Kò sì lé mi. Ó dúró kí n sọ ọ́ tán.

“Ẹ gbọ́. Kí àbúrò yín tó wá, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo ti fi wá ìdáríjì kiri inú ara mi. Mo rí ẹyọ kan. Mo ti fún un. Mi ò ní òmíràn.” Ó dìde, ó lọ ṣílẹ̀kùn. “Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kí n fún yín?”

“Rárá o,” mo ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Ẹ sọ fún un pé tiẹ̀ ni ṣá.”

Ó ti ilẹ̀kùn, kò tì í gbàgà.

Jẹ́jẹ́ dìde lórí àtẹ̀gùn nígbà tó rí mi. Ó wo orúnkún mi, eruku wà níbẹ̀.

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Ó ní kí n sọ fún ẹ pé èyí tí òun fún ẹ, tìẹ ṣì ni.”

“Tiyín ńkọ́?”

“Mi ò rí gbà.”

 Mo rò pé ó máa sọ pé òun dárí jì mí, torí Jẹ́jẹ́ ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré. Kò sọ ọ́. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó ṣáájú, mo sì tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀.